Oòrùn ràn, ojú ọ̀run mọ́, ọkọ̀ kò sì gúnlẹ̀: ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni?

Ìbéèrè: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìpẹru Rẹ́mọ ni mò ń gbé. Nígbà tí mo pé ẹni 70 ọdún ní oṣù Ògọ́sì, àwọn ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mú mi wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun ní Piraeus, ilẹ̀ Gíríìkì. Erékùṣù Mykonos ni ibi àkọ́kọ́ tó yẹ ká dé. A ti múra tán, a ti ń wo àwọn ilé funfun ibẹ̀ lókèèrè, àfi bí ọ̀gá atukọ̀ ṣe bọ́ sórí ẹ̀rọ ìkéde, tó ní afẹ́fẹ́ le jù, ọkọ̀ kò ní dúró. Oòrùn ń ràn, kò sí ìkùukùu kan, omi tí mo ń wò láti òkè kò sì jọ omi tó ń bínú. Orí òkun la wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ mi ọkùnrin ní ọgbọ́n àtijẹ owó wa ni, pé kí a lè máa náwó nínú ọkọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ewu kan wà tí wọn kò sọ fún wa? Ṣé a sì lè gba owó wa padà?

Ìdáhùn: Ẹ kú àbọ̀, mà. Ẹ kú oríire ọjọ́ ìbí. Ẹ ó ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọdún 19 ni mo lò nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó padà wá jókòó sí Ìjẹ̀bú-Òde. Aṣọ ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí èèyàn kì í ti í mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi sí ìtọ́jú yàrá. Ìdí tábìlì ìgbàlejò ni mo wá lo ọdún mẹ́fà tó gbẹ̀yìn, ìyẹn tábìlì tí gbogbo èrò ń sáré wá bínú sí nígbà tí ọkọ̀ bá fo èbúté. Èmi kọ́ ni mò ń tukọ̀ o. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tù ú la jọ ń jẹun, ìbéèrè tí ọmọ yín sì bi yín yìí, mo ti dáhùn rẹ̀ débi pé mo lè dáhùn rẹ̀ lójú oorun.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí oòrùn yẹn, torí òun gan-an ló tan yín.

Lọ́dọ̀ wa, ìjì àti òjò jọ ń rìn ni. Ojú ọjọ́ á ṣú, atẹ́gùn á gbá iyẹ̀pẹ̀ dìde, páànù ẹnì kan á ṣí, òjò á tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti pe ìjì, ojú ọ̀run là ń wò. Òkun Aegean, èyí tí Mykonos wà nínú rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Afẹ́fẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní meltemi. Àríwá ló ti ń wá, oṣù Júláì àti Ògọ́sì ló máa ń le jù, kò sì bá òjò rìn. Afẹ́fẹ́ tó wúwo jókòó sórí ilẹ̀ Balkan tó wà lápá àríwá, èyí tó fúyẹ́ wà lórí ilẹ̀ Tọ́kì, àárín àwọn méjèèjì ni òkun Aegean wà, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà kọjá bí ìgbà téèyàn ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ fi wé nǹkan tí ẹ mọ̀, ẹ fi wé ọyẹ́. Gbígbẹ ni, àríwá ló ti ń bọ̀, ó sì ní àsìkò tirẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọyẹ́ a máa fi eruku bo ojú ọ̀run, nígbà tí meltemi ń gbá tirẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run Mykonos bá mọ́ jù lè jẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ kò ní lè súnmọ́ ọn rárá.

Mo mọ̀ pé ẹ ti rí àwọn ilé ọlọ funfun olórí koríko, èyí tí atẹ́gùn ń yí, tó wà létí òkun Mykonos nínú àwòrán, bóyá nítorí wọn gan-an lẹ ṣe fẹ́ dé ibẹ̀. Àwọn ará Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn láti nǹkan bí ọdún 1500 sókè, láti fi lọ ọkà. Wọn ò kọ́ wọn síbẹ̀ fún ẹwà o. Wọ́n kọ́ wọn síbẹ̀ torí pé atẹ́gùn kì í wọ́n ní erékùṣù náà. Atẹ́gùn tó ń yí ọlọ yẹn ló dá yín padà, mà.

Ìwọ̀n kan wà tí àwọn atukọ̀ fi ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, láti orí òdo títí dé 12. Francis Beaufort, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e kalẹ̀ ní 1805. Meltemi a máa dé 7, nígbà míràn a dé 8. Afẹ́fẹ́ tó bá wà ní 7 ń sáré tó kìlómítà 50 sí 60 ní wákàtí kan, bí mọ́tò tó ń rìn jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Bẹ́nìn. Ẹ na ọwọ́ yín síta láti ojú fèrèsé mọ́tò bẹ́ẹ̀, kí ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín sí atẹ́gùn, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wá fi ọkọ̀ sí ipò ọwọ́ yín. Ọkọ̀ ńlá ìgbafẹ́ lè gùn tó mítà 300, kó sì ga tó mítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí omi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù kan ààbọ̀ lọ. Ohun tó wà nísàlẹ̀ omi tó dì í mú kò sì ju nǹkan bíi mítà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ. Ìgbòkun ńlá ni atẹ́gùn kà á sí. Agbára atẹ́gùn kì í sì pọ̀ sí i bí ẹni ń ka owó ẹyọ: bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, títì tó ń ti ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ní àárín agbami, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Àyè wà láti ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́, kò sí nǹkan tí ọkọ̀ máa kọlù. Ẹnu èbúté ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ dẹ eré, ọkọ̀ tó bá sì dẹ eré ni atẹ́gùn ń rí gbá. Òkúta wà lápá kan, ògiri èbúté wà lápá kejì, ọkọ̀ mìíràn ti so mọ́lẹ̀ níwájú. Ilẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá ń bẹ̀rù, kì í ṣe omi. Ìdáhùn ìbéèrè yín kejì nìyẹn: ewu wà níbi tí ẹ fẹ́ lọ, ibi tí wọ́n gbé yín padà sí gan-an ni kò ti sí. Kò sí ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún yín.

Ti pé omi kò jọ omi tó ń bínú, ẹ jọ̀ọ́, orí òkè wo lẹ dúró sí? Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n máa ń wẹ̀ lórí ọkọ̀, ẹ ti ga tó ilé alájà mẹ́wàá. Láti òkè yẹn, ìgbì tó ga ju ọ̀nà àbáwọlé ilé yín lọ á dà bí ìgbà tí aṣọ kájọ díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní Mykonos, àwọn ọkọ̀ kan máa ń so mọ́ èbúté tuntun ní Tourlos, àwọn mìíràn á ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ lókèèrè, wọn á fi ọkọ̀ kéékèèké kó èrò lọ sétí ilẹ̀. N kò mọ èyí tí tiyín fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì yìí ni mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa rẹ̀, torí ojú mi ló ṣe.

Ọdún náà, ọ̀gá atukọ̀ kan gbà ká gbìyànjú rẹ̀ ní erékùṣù kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀ lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí n máa bá àwọn àgbàlagbà gbé àpò. Ilẹ̀kùn yẹn kò ga ju mítà méjì lọ sí omi. Ọkọ̀ kékeré dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń gòkè, ó ń sọ̀. Á ga dé orúnkún mi, kí n tó ṣẹ́jú ó ti lọ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi jìnnà. Òṣìṣẹ́ méjì á di èrò mú lápá ọ̀tún àti òsì, wọn á dúró títí ilẹ̀ ọkọ̀ méjèèjì á fi dọ́gba, wọn á wá pariwo pé, “Ó yá, bọ́ sí i!” Bàbá kan gbọ́ ohùn wọn, ó kọ́kọ́ wo bàtà rẹ̀. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó wo bàtà rẹ̀. Kó tó gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ kékeré ti lọ sísàlẹ̀, òfìfo ló tẹ̀. Apá tí àwọn òṣìṣẹ́ fi dì í mú ni kò jẹ́ kó bọ́ sáàárín ọkọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan irin, ó sì kán. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Oòrùn ń ràn lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀run mọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi búlúù ṣan.

Lílọ nìkan kọ́ o, mà, bíbọ̀ ńkọ́? Meltemi sábà máa ń le sí i lọ́sàn-án. Ẹni tó bá kó 2,000 èèyàn sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa kó 2,000 padà nírọ̀lẹ́, torí kò sí yàrá òfìfo fún irú èrò bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù kékeré nínú oṣù Ògọ́sì.

Ìyá ìyá mi ná ọjà Ẹ̀jìnrìn láyé ìgbà tí ọjà yẹn ṣì ń gba ọkọ̀ Èkó lójú ọ̀sà. Ó ní bí ọ̀sà bá ń ru, àwọn ọlọ́kọ̀ á fa ọkọ̀ wọn gun iyanrìn, àwọn oníṣòwò á sùn sọ́jà mọ́jú, tòmátò á máa rà, kò sì sẹ́ni tó máa bá ọlọ́kọ̀ jà. “Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru,” ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àmọ́ mo gbà pé ọlọ́kọ̀ Ẹ̀jìnrìn kò tẹ ìwé aláwọ̀ mèremère fún un ṣáájú pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ni òun máa gúnlẹ̀. Àwọn tó ń ta ìrìn àjò yìí ló ń sọ “bí ojú ọjọ́ bá gbà” ní ìwé kékeré tí ojú kò lè kà, tí wọ́n sì ń sọ “Mykonos!” ní lẹ́tà gàdàgbà. Níbẹ̀ ni mo ti wà lẹ́yìn ọmọ yín.

Lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fẹ́ jẹ owó yín yẹn, ó ní ibi tó ti bá òótọ́ lọ. Bí ọkọ̀ bá wà ní èbúté, ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀ àti ilé tẹ́tẹ́ rẹ̀ sábà máa ń wà ní títì. Bó bá ti jìnnà sí ilẹ̀, wọn á ṣí, owó á sì máa wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ìrìn afẹ́ orí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń tà wà lára ohun tó ń mú èrè wọlé fún un jù, gbogbo owó yẹn ló máa dá padà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kò bá dúró. Èrò tí ì bá jẹun nígboro náà á wá jẹun nínú ọkọ̀. Mo rántí àwọn ọmọ ilé ìdáná lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sáré kó adìyẹ jáde látinú yìnyín láago méje àárọ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò. Àwa òṣìṣẹ́ pàápàá ń pàdánù. Wákàtí mẹ́ta tí a máa ń rí lọ sígboro, láti fi owó ránṣẹ́ sílé, láti gbọ́ ohùn ìyàwó, á lọ bẹ́ẹ̀. N kò tíì pàdé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tí inú rẹ̀ dùn sí èbúté tí wọ́n fò.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó ni ọkọ̀ kọ́ ló ń sọ bóyá kó gúnlẹ̀. Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun tí wọ́n ń pè ní SOLAS. Rírì tí Titanic rì ní 1912 ló bí ti àkọ́kọ́ ní 1914, ti 1974 ni ayé ń lò báyìí pẹ̀lú àwọn àtúnṣe rẹ̀. Ó wà nínú rẹ̀ pé ẹni tó ni ọkọ̀ tàbí ẹni tó háyà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀gá atukọ̀ lọ́wọ́ nínú ìpinnu tó bá rí i pé ó yẹ fún ààbò ẹ̀mí lójú òkun. Kódà ti pé ó súnmọ́ etí ilẹ̀ kó tó yí padà, tí ẹ fi rí àwọn ilé yẹn, fi hàn pé ó fẹ́ gúnlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ owó yín kò ní kọ́kọ́ sun epo lọ wo ẹnu èbúté.

Àwọn èrò á tún bi mí pé kí ló dé tí wọn kò lọ síbòmíràn dípò kí a máa yí kiri. Wọ́n ti gba àyè ìsọkọ̀ ní èbúté tipẹ́, kì í ṣe bí ibùdókọ̀ tí èèyàn lè ṣàdédé yà sí. Erékùṣù tó wà nítòsí sì wà nínú atẹ́gùn kan náà. Ti àwa tó ń mú páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́ tún yàtọ̀, ẹ sì fi èyí sọ́kàn nígbà míràn. Físà Schengen tí ẹ fi wọ Gíríìkì kò gbé yín wọ Tọ́kì. Bí ọkọ̀ bá fi èbúté ilẹ̀ tí ẹ kò ní físà rẹ̀ rọ́pò, àwọn ọmọ yín tó ní páspọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì lè sọ̀kalẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin jókòó sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá sì kúrò ní Gíríìkì lọ Tọ́kì tó tún fẹ́ padà sí Gíríìkì, físà ìwọlé-lẹ́ẹ̀kan kò tó fún un, ọlọ́pọ̀ ìwọlé ni kí ẹ bèèrè. Mo ti rí ìyá kan láti Èkó tí wọ́n dá dúró níbi ìwọkọ̀ nítorí èyí nìkan, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń sunkún lápá kejì.

Ó kù owó.

Èyí tó dájú jù ni owó ìrìn afẹ́ tí ẹ bá rà lọ́wọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ kò bá dúró, gbogbo rẹ̀ ló ń padà, ẹ kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni. Èyí tó tẹ̀ lé e ni owó èbúté, ìyẹn ohun tí ìjọba àti èbúté ń gbà lórí èrò kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ kò bá san án, ó yẹ kí wọ́n dá a padà. Kì í pọ̀, àwọn èrò a sì máa bínú nígbà tí wọ́n bá rí bó ṣe kéré tó, ṣùgbọ́n ọmọ Rẹ́mọ tó mọ owó kì í fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ torí pé kọ́bọ̀ ni. Inú ìṣirò ìnáwó yàrá yín ni wọ́n máa ń dá a sí, wọn kì í kó o lé yín lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ yín ra ìrìn afẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á lọ wo ohun tí wọ́n bá a ṣe àdéhùn lé lórí. Àwọn kan ní i lákọsílẹ̀ pé bí ọkọ̀ kò bá gúnlẹ̀, owó á padà; àwọn mìíràn kò ní i, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi pé kí wọ́n ra ti ìta bó bá wọn lára mu, ó sábà máa ń dín owó, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wá gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn.

Owó ọkọ̀ gan-an ńkọ́? Fún èbúté kan tí atẹ́gùn mú kí wọ́n fò, ẹ má gbọ́kàn lé e. Àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí fún ọ̀gá atukọ̀ láyè láti yí ọ̀nà padà. Òfin wà lóòótọ́: ti Yúróòpù lórí ìrìn àjò alápapọ̀ jáde ní 2015, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2018, wọ́n sì dáàbò bo ẹni tó bá ra ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ òkun pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń wúlò ni ìgbà tí ìrìn àjò bá yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ẹ sanwó fún, bí kí èbúté mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin. Ẹyọ kan kì í tó ẹjọ́.

Ibi tí ọmọ yín kò tíì wò, mo lérò, ni ìnṣọ́ránsì. Púpọ̀ nínú ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ń lọ sínú ọkọ̀ òkun ló ní ìlà kan fún èbúté tí ọkọ̀ fò, tí wọ́n máa ń san iye kan pàtó lórí rẹ̀ fún èrò kọ̀ọ̀kan. Wọn kò ní san án lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwé ni wọ́n máa bèèrè, látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀, tó sọ ọjọ́, orúkọ èbúté, àti pé atẹ́gùn ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ dúró. Lójú tábìlì wa, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi ń tẹ ìwé yẹn fún ẹni tó bá bèèrè. Nínú ẹgbẹ̀rún èrò, mo lè má rí ogún tó bèèrè. Àwọn tó kù á bínú, wọn á lọ mu ọtí, wọn á gbàgbé.

Ẹ kò tíì pẹ́ jù. Kí ọmọ yín kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, kó fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti nọ́ńbà yàrá yín sí i, kó ní òun fẹ́ ìwé ẹ̀rí èbúté tí wọ́n fò. Kó sì wá ìwé ìṣirò ìnáwó tí wọ́n fi síwájú ilẹ̀kùn yàrá yín ní alẹ́ tó kẹ́yìn, tàbí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ jọ wá ìlà tí orúkọ Mykonos wà, tí àmì ìyọkúrò wà níwájú iye rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi kún lẹ́tà kan náà, kí ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́tọ̀ fún olúkúlùkù yín tó wà nínú yàrá náà, torí orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà á.